Òfin Kẹsàn-án Ọ̀gbẹ́ni Gandy

Àga kan wà ní kóòtù ìlú Harmon Springs, ní ìpínlẹ̀ Mississippi, tí ẹni tó ń jókòó lé e gbà pé òun ló gbé òrùlé kóòtù náà ró. Ó ní tìmùtìmù pupa, wọ́n sì fi pákó mẹ́rin gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, kí ẹni tó bá wá síwájú rẹ̀ lè máa gbójú sókè bí ẹni ń wo àwòdì. Ọ̀gbẹ́ni Thurlow Euclid Gandy ló ni àga yìí. Òun ni akọ̀wé àgbà kóòtù agbègbè Tallabena. Ìbò ni wọ́n fi ń yan akọ̀wé níbẹ̀, ọdún mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti dìbò fún un, ó sì ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí wọ́n dì í lẹ́ẹ̀kẹfà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀, ní oṣù kẹwàá ọdún 1995. Kò sí ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Gandy fẹ́ láyé ju pé kí ó kú sórí àga yẹn lọ, kí wọ́n sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé òkú rẹ̀ kúrò.

Iṣẹ́ akọ̀wé pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wù ú jù ni ti àwọn júrì. Àwọn wọ̀nyí ni ará ìlú méjìlá tí kóòtù ń ṣà jọ láti inú ìwé àwọn olùdìbò, àgbẹ̀ o, olùkọ́ o, onídìrí o, kí wọ́n jókòó gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì fẹnu kò bóyá olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ Ajé tí kóòtù bá wọlé, bí ọgọ́ta èèyàn ni yóò kún yàrá ńlá, Ọ̀gbẹ́ni Gandy yóò sì dìde láti sọ ohun tí wọn yóò bá pàdé àti bí ó ṣe yẹ kí wọ́n múra. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ọ̀rọ̀ yẹn. Ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta ni Ọ̀gbẹ́ni Gandy ń lò. Mísì Eulalie Hoskins, igbákejì rẹ̀, ló fi aago ọwọ́ rẹ̀ wò ó.

“Ẹ̀yin ọmọ Tallabena!” Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. “Nígbà tí ẹ jí láàárọ̀ yìí, àgbẹ̀ ni yín, awakọ̀ ni yín, alásè ilé ìjẹun ni yín. Ẹ wo ara yín báyìí! Ẹ ti di òpó! Òpó tí òmìnira fẹ̀yìn tì! Ta ló sì ri àwọn òpó náà mọ́lẹ̀? Ta ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ihò wọn?”

“Ẹ̀yin ni, sà. Ọ̀rọ̀ wúrà,” ni Mísì Eulalie á wí. Ibi mẹ́ta ni ó ti gbọ́dọ̀ wí bẹ́ẹ̀, ó sì ti fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn nínú ìwé kó má baà gbàgbé.

Lẹ́yìn èyí, wọn á pín ìwé kékeré kan fún olúkúlùkù. Àwòrán Ọ̀gbẹ́ni Gandy wà níwájú ìwé náà, ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún wà lójú ewé kẹrin, bóyá ẹnì kan á ti gbàgbé ojú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Òfin méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o, ìmọ̀ràn inú rẹ̀ dára. Ó ní kí èèyàn jẹun kó tó wá, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí adájọ́ máa dìde. Kí èèyàn mú súwẹ́tà lọ́wọ́, nítorí òtútù kóòtù yẹn lè mú omi dì. Kí èèyàn mú ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ dání, nítorí dídúró de ìpè ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ júrì. Bí lọ́yà bá bi ọ́ léèrè pé ṣé o mọ olùjẹ́jọ́, sọ òótọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà títí yóò fi parí, ì báà ṣe ẹni tí ẹ jọ ń sùn. Òfin kẹsàn-án ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: *Má lọ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Má lọ bá ẹlẹ́rìí nílé. Kóòtù ni yóò gbé ọ̀rọ̀ wá bá ọ, ìwọ kọ́ ni yóò gbé ẹsẹ̀ lọ bá ọ̀rọ̀.*

Bí ó bá dé ibẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gandy yóò na ìka sókè, gbogbo ọgọ́ta èèyàn náà, àti arúgbó àti aboyún, yóò sì ka òfin kẹsàn-án lákàtúnkà lẹ́ẹ̀mẹta bí ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ogún ọdún ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá jí ẹnikẹ́ni ní Tallabena lójú oorun, á kà á fún yín.

Ní ọjọ́ Ajé tí mò ń wí yìí, obìnrin kan tó ń sin màlúù, Ìyáàfin Ozella Crump, na ọwọ́ sókè.

“Ọ̀gá Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ sà, màlúù mẹ́rìnlélógún ni mò ń fún wàrà wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ọkọ mi ti kán lẹ́sẹ̀. Ṣé ẹ lè gbé tèmi sí oṣù tó ń bọ̀?”

Ọ̀gbẹ́ni Gandy wò ó láti orí pákó mẹ́rin. “Ìyáàfin Crump, ẹ lọ sọ fún àwọn màlúù yín pé orílẹ̀-èdè ló ń pè yín.”

“Wọn ò gbọ́ èdè yẹn, sà. Ọwọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í dùn mọ́ Ọ̀gbẹ́ni Gandy nínú. Ó gbá tábìlì. “Kò sí ìyọ̀ǹda! Kò sí fún olówó, kò sí fún màlúù! Bí orúkọ èmi gan-an bá jáde nínú àpótí yẹn, màá jókòó!”

“Ọ̀rọ̀ wúrà, sà,” ni Mísì Eulalie wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àmì pẹ́ńsù níbẹ̀. Ó wá yí àpótí onígi náà, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ìwé kan yọ, ó sì kà á. Ó tún un kà. Ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun.

“Kà á síta, Eulalie! Kí ará ìlú gbọ́!”

“Thurlow Euclid Gandy,” ni Mísì Eulalie wí, bí ẹni ń kéde òkú.

Ẹ ó bi mí pé báwo ni orúkọ akọ̀wé ṣe dé inú àpótí. Òun náà ló fi í síbẹ̀. Wọ́n gbé ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ pè wá kó buwọ́ lù ú, ó sì buwọ́ lù ú láìkà, nítorí pé ó ń dán ọ̀nà tuntun kan tí yóò máa gbà kọ *G* orúkọ rẹ̀ wò. Ìwé ìpè náà dé ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ ló wà lára àpòòwé. Ìyàwó rẹ̀ rò pé ìwé ìpolongo ìbò ni, ó sì sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí pẹ̀lú àwọn yòókù.

Adájọ́ Imogene Battle, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo, bojú wò ó láti orí ìjókòó rẹ̀. “Ọ̀gbẹ́ni Gandy, iṣẹ́ yín nínú kóòtù yìí tó ìdí kí n yọ̀ǹda yín. Ṣé ẹ fẹ́ bẹ́ẹ̀?”

Ọ̀gbẹ́ni Gandy wo ọgọ́ta olùdìbò. Ọgọ́ta olùdìbò wo Ọ̀gbẹ́ni Gandy. Ìyáàfin Crump ti ká ọwọ́ pọ̀ mọ́ra, ó ń dúró.

“Olúwa mi Adájọ́, ṣé kìnnìún á wá máa bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ òun kúrò nínú igbó?”

“Mi ò béèrè kìnnìún, sà. Ẹ lọ jókòó pẹ̀lú àwọn yòókù.”

Àwọn lọ́yà ló kù tó lè gbà á sílẹ̀. Lọ́yà ìjọba àti lọ́yà olùjẹ́jọ́, ẹni tó ń jẹ́ Pruitt, olúkúlùkù wọn ní àǹfààní láti yọ èèyàn mẹ́fà láìsọ ìdí. Kò sí èyí tó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Gandy nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ìwé ẹjọ́ wọn ń gbà kọjá, lọ́yà tó bá sì bí i nínú, ìwé rẹ̀ á máa rìn bí ìjàpá tó gun òkè. Pruitt ń retí kí lọ́yà ìjọba yọ ọ́. Lọ́yà ìjọba ń retí Pruitt. Wọ́n yọ dókítà eyín, wọ́n yọ pásítọ̀, wọ́n yọ obìnrin kan tó kàn ń wúkọ́, títí àǹfààní fi tán lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí Ọ̀gbẹ́ni Gandy ṣe di júrì nìyẹn, òun àti Ìyáàfin Crump, tí ẹnikẹ́ni ò yọ nítorí pé ó dákẹ́.

Ẹjọ́ Màmá Verlene Tadlock ni wọ́n wá gbọ́. Opó ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, kò fojú kan kóòtù rí. Wọ́n ní ó dáná sun ilé adìyẹ aládùúgbò rẹ̀, Harlan Stubblefield, nítorí pé àkùkọ ọkùnrin náà kò jẹ́ kí ẹ̀wà oko rẹ̀ gbádùn. Bó bá jẹ̀bi, ẹ̀wọ̀n ni. Stubblefield ló jẹ́rìí pé òun jókòó sórí àga òun ní ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun sì fi ojú òun rí obìnrin náà lẹ́bàá ilé adìyẹ pẹ̀lú agolo kẹrosíìnì lọ́wọ́. “Ibẹ̀ ò ju àádọ́fà ìṣísẹ̀ lọ,” ni ó wí. Màmá Tadlock ní ní wákàtí yẹn òun wà ní ìdí ààrò òun, òun ń se ẹ̀wà tí àkùkọ náà jẹ kù. Kò sí ẹlẹ́rìí mìíràn. Ẹnu méjì ló dojú kọ ara wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ṣú, adájọ́ ní kí wọ́n lọ sinmi, kí wọ́n padà wá ní ọjọ́ Ajé láti dá ẹjọ́ náà. Ó kìlọ̀ fún wọn. Ọ̀gbẹ́ni Gandy gan-an ló ń mi orí sí ìkìlọ̀ náà jù, bí ẹni tó gbọ́ tí wọ́n ń kọ orin tí òun ṣe.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti sọ ara rẹ̀ di olórí àwọn júrì: kí ẹlòmíràn tó fa àga, ó ti jókòó sí ìparí tábìlì, ní ipò àgbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù sí ìbò. Olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì ń bá a du àga rẹ̀, ìròyìn sì ń lọ pé àwọn èèyàn ń gbọ́ tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gùn. Bí ìdájọ́ yìí bá jáde lọ́nà ìyanu, bí gbogbo Tallabena bá gbọ́ pé Gandy ló tú ọ̀rọ̀ tó díjú, ta ni yóò dìbò fún ìṣirò?

Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ní ojúmọmọ gbangba, Ọ̀gbẹ́ni Gandy wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè aláwọ̀ eérú, ó fi okùn ìwọ̀n tí àwọn kọ́lékọ́lé ń lò sápò, ó sì wa ọkọ̀ lọ sí oko Harlan Stubblefield. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kó débẹ̀ ná.

Stubblefield fò dìde lórí àga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. “Ọ̀gá Akọ̀wé! Ṣé ó yẹ kí ẹ wà níbí, sà?”

“Harlan, ta ló kọ òfin kẹsàn-án?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ǹjẹ́ ẹni tó mọ odi á ṣàìmọ ibi tí ẹnu ọ̀nà wà?”

Stubblefield ro èyí títí, kò rí ìdí rẹ̀. Ó kàn fi àga rẹ̀ fún àlejò rẹ̀, ó sì kígbe sínú ilé pé kí ìyàwó òun gbé tíì tútù wá. Tíì dé, ó dùn ju oyin lọ, páì ànàmọ́ sì tẹ̀ lé e. Láàárín gígé páì kìíní àti ìkejì, Stubblefield tún gbogbo ẹ̀rí rẹ̀ sọ, ó sì fi díẹ̀ kún un. Àwa ní ọ̀rọ̀ fún irú èyí: agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, òṣìkà èèyàn. Ọ̀gbẹ́ni Gandy kì í ṣe òṣìkà o. Páì ló gbà á lọ́kàn.

Ó wá na okùn. Stubblefield di etí kan mú lẹ́nu àga rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gandy fa ìkejì lọ síbi eérú ilé adìyẹ. Kò rọrùn. Ilé ìyanran gíga kan, níbi tí wọ́n ti máa ń fi èéfín yan ẹran ẹlẹ́dẹ̀, wà láàárín gbùngbùn, kò jẹ́ kí okùn gba tààrà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ọ̀gbẹ́ni Gandy gbìyànjú, ó fi ẹ̀gún ya ṣòkòtò, ó sì sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí ilé náà. Níkẹyìn, ó yí i ká, ó ṣírò rẹ̀ ní ìṣísẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀: méjìdínláàádọ́fà. Ó pa ìwé dé, ojú rẹ̀ ń dán. Kò bi ara rẹ̀ pé ilé tó dí okùn lọ́nà, kí ni ohun mìíràn tó tún ń dí.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n ti ilẹ̀kùn yàrá júrì. Èèyàn méje ló ń ṣiyèméjì, mẹ́rin kò tíì sọ̀rọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Gandy dìde.

“Ẹ̀yin ará, ìṣòro yín ni pé ẹ ò mọ̀. Èmi mọ̀. Ọkùnrin náà ní àádọ́fà ìṣísẹ̀. Mo fi ọwọ́ ara mi wọ̀n ọ́n. Méjìdínláàádọ́fà ni! Ìṣísẹ̀ méjì péré ló fi ṣìnà! Ṣé ẹni tó ń purọ́ á súnmọ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀?”

Ìyáàfin Crump dáwọ́ iṣẹ́ ìhunṣọ dúró.

“Ẹ fi ọwọ́ yín wọ̀n ọ́n níbo, sà?” ni Ìyáàfin Crump béèrè. Aṣọ òtútù tó ń hun wà lórí itan rẹ̀.

“Lóko Stubblefield, níbo tún ni?”

“Ẹ lọ síbẹ̀?”

“Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọmọlúàbí ni Harlan, ó fi àga rẹ̀ fún mi. Ìyàwó rẹ̀ mọ páì í ṣe.”

Ọkùnrin kan tó ń wa ọkọ̀ agbégi bú sẹ́rìn-ín. “Yéè! Ó tún jẹun níbẹ̀!”

“Nígbà tí ẹ jókòó sórí àga Stubblefield,” ni Ìyáàfin Crump tún wí, ohùn rẹ̀ tutù bíi wàrà àárọ̀, “ṣé ẹ rí ibi tí ilé adìyẹ wà?”

“Ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀! Ilé ìyanran ló dí i. Jíjìnnà ni ọkùnrin náà sọ nípa rẹ̀, jíjìnnà náà sì péye!”

“Ọ̀gá Akọ̀wé, òfin kẹsàn-án ńkọ́?”

“Àwọn júrì ni òfin yẹn wà fún!”

“Kí wá ni ẹ̀yin, sà?”

Ọ̀gbẹ́ni Gandy ní òun ni ẹni tó ri àwọn òpó mọ́lẹ̀. Ìyáàfin Crump kọ ìlà méjì sórí ìwé, ó kan ilẹ̀kùn, ó sì fi í rán ẹ̀ṣọ́ sí adájọ́. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìgbà tí ẹ bá jókòó júrì, tí nǹkan bá rú yín lójú, ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyẹn.

Adájọ́ Battle kó gbogbo wọn jáde, ó ní kí Ọ̀gbẹ́ni Gandy dìde nìkan. Ó bi í bóyá òótọ́ ni. Ọ̀gbẹ́ni Gandy bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n dá Tallabena sílẹ̀, ó gba orí ìfẹ́ tó ní sí òtítọ́, ó gun orí òpó òmìnira, nígbà tó sì fi délẹ̀, ó ti sọ pé òun lọ, òun jókòó sórí àga Harlan, òun wọ̀n, òun jẹ páì méjì. Òpìtàn ara rẹ̀ ni. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó.

“Ó tó,” ni adájọ́ wí. “Ẹjọ́ yìí ti bàjẹ́. Mo tú àwọn júrì ká, a óò ṣà àwọn mìíràn ní oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀.”

Màmá Tadlock dìde. “Ṣé mo máa tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ ni, mà? Mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ̀bi yín kọ́.” Adájọ́ kọjú sí Ọ̀gbẹ́ni Gandy. “Ẹ ti mú kí obìnrin yìí gbé ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n sùn fún oṣù mẹ́rin sí i. Nítorí àfojúdi yín sí àṣẹ kóòtù, ẹ lọ sun ọjọ́ méjì ní àtìmọ́lé.”

Ọ̀gbẹ́ni Gandy yíjú sí Mísì Eulalie. Mísì Eulalie ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ní àtìmọ́lé, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo ni wọ́n fún un. Ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ pé akọ̀wé àgbà ni òun. Ẹ̀ṣọ́ ní òun mọ̀, òun náà ti ṣe júrì rí. Ó wá dúró sẹ́nu irin, ó ka òfin kẹsàn-án fún un láti òkè dé ilẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Gandy fi jáde, àwọn ọmọ ilé ìwé ti sọ òfin náà dorin tí wọ́n fi ń fo okùn. Àwọn tó ti lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ilé ń ṣí i kúrò ní ìkọ̀kọ̀, kí aládùúgbò má baà rí wọn. Ní ọjọ́ ìbò, olùkọ́ ìṣirò kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé, Ọ̀gbẹ́ni Gandy kó ọ̀rìnlélúgba. Ìyàwó rẹ̀ búra pé òun wà lára wọn.

Ní oṣù kejì, wọ́n ṣà júrì tuntun. Àlàyé akọ̀wé tuntun gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Stubblefield tún jẹ́rìí, ó ní òun jókòó, òun rí i kedere. Nígbà náà ni Lọ́yà Pruitt dìde, tí kò ní ìwé kankan mọ́ lọ́wọ́ Gandy, ó sì pe ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó ti jókòó sórí àga náà rí tó sì ti wo ibẹ̀: Thurlow Euclid Gandy.

Ó gun orí àpótí ẹlẹ́rìí, ó wo àwọn júrì, àyà rẹ̀ fẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí èèyàn méjìlá ti dákẹ́ fún un lẹ́ẹ̀kan náà.

“Ọ̀gbẹ́ni Gandy,” ni Pruitt wí, “láti orí àga Stubblefield, ṣé ojú yín tó ilé adìyẹ náà?”

“Olúwa mi Adájọ́, àti ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀ méjìlá, láti ìgbà èwe mi ni mo ti…”

“Ọ̀gbẹ́ni Gandy,” ni Adájọ́ Battle wí jẹ́jẹ́, “ẹ̀rí yín ni wọ́n béèrè.”

Ọ̀gbẹ́ni Gandy wo adájọ́. Ó wo Màmá Tadlock, tó di etí aṣọ rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ọ̀rọ̀ tó tó ìṣẹ́jú méjìléláàádọ́ta dúró sí i lọ́nà ọ̀fun. Ó gbé e mì.

“Rárá,” ni ó wí.

“Kí ló dé?”

“Ilé ìyanran ló dí i.”

“Ẹ ṣé. Mi ò ní ìbéèrè mọ́.”

Àwọn júrì kò pẹ́ níbi tí wọ́n lọ. Wọ́n ní Màmá Tadlock kò jẹ̀bi, ariwo sọ, àwọn ẹbí rẹ̀ gbá a mọ́ra. Bó ti ń jáde lọ, ó rí Ọ̀gbẹ́ni Gandy tó dúró lóun nìkan lẹ́bàá àtẹ̀gùn kóòtù, fìlà lọ́wọ́. Ó dúró síwájú rẹ̀.

“Ọ̀gbẹ́ni Gandy, ogún ọdún ni mo ti ń gbọ́ yín. Ọ̀rọ̀ yín ò tíì dùn létí mi rí bíi tòní.”

Orí Ọ̀gbẹ́ni Gandy wú. Ó na ọwọ́ kan sókè, ó pa ojú dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ. Ó ti wọ inú ìtàn ìdásílẹ̀ Tallabena dáadáa kó tó la ojú, tó rí i pé ọkọ̀ Màmá Tadlock ti yà ní kọ̀rọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ń lọ sílé.